Bí Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀rọ Ìgéko Bá Ń Kú Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Wá Ìdí Rẹ̀

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ̀rọ ìgéko tí a ń jókòó lé wà yìí kò ní wàhálà kankan. Ó ń dún dáadáa, abẹ rẹ̀ ń yí, koríko ń fò jáde. Ẹ wá kọrí ẹ̀ sí ibi tó ga díẹ̀, kò tíì rìn tó mítà mẹ́ta tó fi dákẹ́. Ẹ ṣáná sí i, ó dìde. Ẹ tún gun òkè, ó tún kú. Tó bá fi máa di ìgbà kẹrin, ọ̀pọ̀ èèyàn á ti mú sípánà, kábúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n á sì kọ́kọ́ dojú kọ.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo tú kábúrétọ̀ ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, mo tún ra fílítà tuntun sí i. Pàbó ló já sí. Ọjọ́ tí mo gbé ìjókòó rẹ̀ sókè láti gbá koríko gbígbẹ tó kún abẹ́ rẹ̀ ni mo rí wáyà méjì tí ìpẹtà ti jẹ ẹnu wọn. Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan kí n tó mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe kú àti ibi tí imú ẹ̀rọ kọjú sí nígbà tó kú.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í dá àìsàn sí ẹ́ńjìnnì lára. Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń tú síta. Bí ẹ̀rọ bá dagun, ara yín yẹ̀ kúrò láàárín ìjókòó, gbogbo ohun olómi inú rẹ̀ ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wáyà tí kò dúró dáadáa rìn kúrò láyè rẹ̀, ẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń fà sì wúwo sí i. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí lẹ̀ ń wá.

Tó bá kú sábẹ́ yín lórí òkè

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pa súìṣì abẹ. Ẹ má fò sílẹ̀. Tí ẹ bá máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi bíréèkì ìdúró há a, kí ẹ wá gba ọwọ́ òkè bọ́ọ́lẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ lè yí lù yín. Tó bá tún ṣáná, ẹ fi abẹ sílẹ̀ ní pípa, kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn rìn sísàlẹ̀ gbọnrangandan, ẹ má ṣe yíwọ́ lórí òkè. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ọ́ìlì gbéra ní irin kékeré kan lẹ́yìn tí a máa ń fà kí a tó lè fọwọ́ tì wọ́n. Ẹ má fà á lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láé, torí ẹ̀rọ náà á di bọ́ọ̀lù.

Ẹ tún wo bóyá òkè náà gan-an ló ga jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìlànà àwọn ẹ̀rọ yìí fi ààlà sí dígírì 15, àwọn kan tiẹ̀ sọ pé 10. Bí ẹ ṣe lè wọ̀n ọ́n rèé: ẹ mú igi gbọọrọ kan tó gùn ní mítà 1, ẹ fi orí rẹ̀ kan kanlẹ̀ níhà òkè, ẹ na ìyókù sí ọ̀nà ìsàlẹ̀, kí ẹ sì mú un dọ́gba pẹ̀lú ìwọ̀n omi tí àwọn bíríkìlà ń lò. Ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín orí kejì àti ilẹ̀. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18, nǹkan bíi dígírì 10 nìyẹn. Tó bá jẹ́ 27, ẹ ti dé 15. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má wulẹ̀ tún nǹkan kan ṣe. Ẹ̀rọ mìíràn ni kí ẹ fi gé ibẹ̀. Òkè àti ìsàlẹ̀ la sì ń gba wa ẹ̀rọ àjókòólé, a kì í fi gba ìbú òkè kọjá.

Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó tú u

Ẹ mú ìwé kékeré kan. Ìgbà mẹ́ta tó bá kú, ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀:

1. Báwo ló ṣe kú? Ṣé ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí èèyàn pa kọ́kọ́rọ́, àbí ó húkọ́, ó fà, ó tún gbìyànjú, kó tó lọ? Àbí ńṣe ni ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ẹrù pa?
2. Ibo ni imú rẹ̀ kọjú sí: òkè, ìsàlẹ̀, àbí ẹ̀gbẹ́ kan ló ga ju èkejì lọ? Ẹ̀gbẹ́ wo?
3. Ó tó ìgbà wo kó tó tún ṣáná? Lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn títa kọ́kọ́rọ́ pẹ́, àbí ó dìgbà tó tutù?
4. Epo inú táǹkì ń kọ́, ó kù bí mélòó? Ṣé abẹ ń yí nígbà yẹn?

Èyí tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó tún ṣáná kíá bí ẹ ṣe jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ iná ni, ìjókòó sì ni ẹ óò kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó húkọ́ tó fà, tí ẹ ní láti ta kọ́kọ́rọ́ pẹ́ kó tó dìde, epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí epo ló pọ̀ jù. Èyí tí ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀, ẹrù ni. Kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yí o, àmọ́ ó máa ń yọ yín nínú títú ohun tí kò bàjẹ́.

Ìjókòó àti súìṣì rẹ̀

Súìṣì kan wà lábẹ́ ìjókòó tó ń mọ̀ bóyá èèyàn wà lórí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tí kò bá gbọ́ ìwọ̀n ara yín mọ́, tí abẹ ń yí tàbí tí bíréèkì ìdúró kò sí níbẹ̀, ńṣe ló máa pa iná tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń tanná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Lórí òkè, ara yín á tẹ̀ síwájú tàbí sí ẹ̀gbẹ́, ìdí yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí àga, súìṣì tó ti rọ tàbí tó dọ̀tí á sì rò pé ẹ ti bọ́ọ́lẹ̀. Ẹni tí kò sanra ni ọ̀ràn yìí máa ń bá jà jù. Bí ọkọ bá ń wà á tí kò kú, tí ìyàwó bá jókòó tó ń kú, ẹ kò nílò ẹ̀rí mìíràn.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, láìsí èèyàn tàbí ẹranko nítòsí, ẹ ṣáná, ẹ fi abẹ sílẹ̀ ní pípa, kí ẹ̀rọ wà ní ibi tí kò ti lè gbéra, kí ẹ sì tú bíréèkì ìdúró. Ẹ wà lórí ìjókòó, ẹ wá rọra tẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì, bí òkè ṣe máa tẹ̀ yín. Tó bá kú kí ìdí yín tó kúrò níbẹ̀ rárá, ẹ ti rí i mú.

Ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí ìjókòó sókè. Ẹ wo ibi tí wáyà ti wọ inú súìṣì: ṣé ó tú, ṣé ìpẹtà wà níbẹ̀, ṣé eku ti jẹ ẹ́? Ẹ wo sípíríǹgì ìjókòó bóyá ó ti gbó. Ẹ wo ike ìsàlẹ̀ àga náà, bó bá sán, kò ní tẹ súìṣì mọ́lẹ̀ tó. Àwọn ìjókòó kan ní ibi tí a ti ń yan ìwọ̀n ara ẹni tó ń jókòó. Bóyá ẹni tó wúwo ló fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tí gbogbo èyí bá dáa, ẹ yọ wáyà súìṣì, kí ẹ fi mítà ìdánwò iná wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹnu mẹ́rin, méjì-méjì: tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, méjì á so pọ̀, méjì yòókù á já. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ léraléra, kí ẹ rọra mi wáyà rẹ̀. Mítà gbọ́dọ̀ yí padà pàtó kó sì dúró síbẹ̀. Tó bá ń ṣe ṣégeṣège, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀.

Àwọn kan máa ní kí ẹ so wáyà méjèèjì pọ̀ kí ẹ gbàgbé súìṣì náà. Ẹ má dán an wò. Ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ ń yí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí kò sì mọ̀ pé ẹni tó ń wà á ti ṣubú sí iwájú rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ìbọn tó ti ká. Ohun tí súìṣì yẹn wà fún gan-an ni orí òkè.

Súìṣì mìíràn tún wà lára bíréèkì àti lára ibi tí a ti ń tan abẹ. Ẹ fi ojú kan náà wò wọ́n bí ti ìjókòó bá mọ́.

Epo: ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ bu epo bẹntiróòlù kún táǹkì dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù o, kí ẹ tún lọ. Táǹkì àwọn ẹ̀rọ yìí máa ń fẹ̀ tó sì pẹlẹbẹ. Epo tó dà bíi pé ó pọ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú lè sá lọ sí igun kan lórí òkè, kí ẹnu ihò tí epo ń gbà jáde máa fa atẹ́gùn. Ẹ wo ibi tí ihò náà wà, kí ẹ fi wé ìwé yín. Bí ihò bá wà lápá òsì, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí apá òsì bá ga ló ń kú, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe táǹkì ni. Ẹ má jẹ́ kí epo wálẹ̀ ju ìlàjì lọ bí ẹ bá ń gé òkè, ó parí. Ẹ má sì kún un dé ẹnu. Epo tó bá fọ́n sókè wọ inú ìdérí lè dí ojú ihò atẹ́gùn rẹ̀.

Ìdérí yìí náà yẹ ká wò. Bí epo ti ń jáde nínú táǹkì, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Tí ihò inú ìdérí bá dí, táǹkì á bẹ̀rẹ̀ sí í di epo mú bí ìgbà tí èèyàn fi ìka bo orí sítírọ́ọ̀ tí a fi ń fa omi mu. Pọ́ǹpù tó lágbára tó lórí ilẹ̀ títẹ́jú lè máà lè bá a jà mọ́ lórí òkè. Ẹ wa ẹ̀rọ náà lórí ilẹ̀ títẹ́jú fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ wá rọra ṣí ìdérí. Tí ẹ bá gbọ́ "fíìì" tí atẹ́gùn ń wọlé, ẹ ti rí i. Ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ ra òmíràn. Nínú ẹ̀rọ tuntun kan, rọ́bà tín-ín-rín kan lára táǹkì ló ń mí dípò ìdérí; ẹ wò ó bóyá ó ká tàbí ó dí.

Lẹ́yìn ìyẹn, rọ́bà epo àti fílítà. Ẹ tẹ rọ́bà náà po. Tó bá le bí igi tàbí tó ń fi ẹ̀là hàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ àti irin tó ń fún un. Ẹ̀là tí kò tó ohun tí epo ń gbà kán sílẹ̀ lè tó ohun tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Fílítà ní àmì ọfà; ojú ọfà ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wá bi ara yín: níbo ni táǹkì wà? Bó bá wà lẹ́yìn, lábẹ́ ìjókòó, tí ẹ́ńjìnnì sì wà níwájú, a jẹ́ pé bí imú ẹ̀rọ bá dojú kọ òkè, ẹ́ńjìnnì ga ju epo lọ. Pọ́ǹpù ló ń gbé epo náà gòkè bí ẹni pọn omi nínú kànga. Bí ẹ̀rọ bá ń kú ní gígun òkè, tí kò sì ṣe nǹkan kan ní sísọ̀kalẹ̀, pọ́ǹpù àti rọ́bà tó wà láàárín òun àti táǹkì ni kí ẹ fọkàn sí. Pọ́ǹpù ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yìí kì í lo iná. Awọ tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tó ń mì pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń tì í tó tún ń fà á láti inú ẹ́ńjìnnì, rọ́bà kan ló sì ń gbé atẹ́gùn yẹn wá. Rọ́bà atẹ́gùn yìí bá là, pọ́ǹpù di aláìlágbára. Awọ inú rẹ̀ bá ya, epo á máa gba ibẹ̀ ṣàn sínú ọ́ìlì. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí bẹntiróòlù, tó sì ti ga ju àmì lọ, ẹ má ṣáná mọ́ títí ẹ ó fi tún ibi tí epo ń gbà wọlé ṣe, tí ẹ ó sì pààrọ̀ ọ́ìlì.

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí iná tàbí sìgá kò sí, kí ẹ́ńjìnnì sì ti tutù.

1. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi irin rẹ̀ so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kó má baà tan iná.
2. Ẹ yọ rọ́bà epo lẹ́nu kábúrétọ̀, kí ẹ kì í sínú ìgò ike tí epo kì í jẹ.
3. Jókòó sórí ẹ̀rọ, bíréèkì ní títẹ̀, kí ẹlòmíràn di ìgò mú. Ẹ ta kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Epo gbọ́dọ̀ máa tú jáde ní ìtúkúrù-túkúrù tó lágbára. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí táǹkì rẹ̀ wà lókè, tí kò ní pọ́ǹpù, á ṣàn fúnra rẹ̀.
4. Ẹ da epo inú ìgò padà, ẹ gbé táyà iwájú méjèèjì sórí àtẹ̀gùn irin tí wọ́n ń fi gbé mọ́tò sókè. Ẹ fi igi há táyà ẹ̀yìn, ẹ fi bíréèkì ìdúró há a, ẹ má fi jáàkì nìkan gbé e dúró. Ẹ tún ṣe ìkẹta.

Bí epo ìgbà kejì bá kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́, ẹ ti mú òkè wá sílé. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ń fa epo àti rọ́bà atẹ́gùn kọ́kọ́, torí wọn kò wọ́n. Bí kò bá yí padà, pọ́ǹpù ni. Bí ìgbà méjèèjì bá sì dọ́gba, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀.

Ẹ gbé ìgò náà kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó dà á nù. Omi wúwo ju epo lọ, ìdí ìgò ló máa ń sùn sí, ẹ óò sì rí ìlà tó wà láàárín wọn. Omi tó sùn sí igun táǹkì lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìṣe nǹkan kan, títí di ọjọ́ tí ẹ̀rọ dagun tó sì ṣàn wá sẹ́nu ihò. Ohun tó ń mú kí ẹ̀rọ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí òkè kan náà nìyẹn, kó sì tún dáa. Ẹ fà gbogbo epo kúrò, ẹ nu táǹkì, ẹ bu tuntun. Epo tó ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́ láìsí oògùn tó ń pa á mọ́ ti ń daṣẹ́, èyí tí ọtí ẹ́táńọ́ọ̀lù inú rẹ̀ bá sì ju ìdá 10 nínú 100 lọ, kò wà fún irú ẹ́ńjìnnì yìí.

Kábúrétọ̀, níkẹyìn

Nísinsìnyí ni ó tó kàn án. Inú abọ́ ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ ni fúlótà wà, òun ló ń léfòó, tó ń ṣí tó sì ń ti ẹnu abẹ́rẹ́ tí epo ń gbà wọlé. Bí ẹ̀rọ bá dagun, abọ́ náà dagun, àmọ́ epo inú rẹ̀ kò dagun, ó ṣì dọ́gba bí omi inú igbá. Bí epo inú abọ́ bá ti kéré tẹ́lẹ̀, ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà mu ún á yọ síta, á sì máa fa atẹ́gùn. Bí abẹ́rẹ́ kò bá sì dí dáadáa, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: epo á kún, á bo púlọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀, èéfín dúdú á yọ.

Ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ kí ẹ tó tú u. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹ fa ṣóòkù, ọwọ́ tó ń dín atẹ́gùn kábúrétọ̀ kù, díẹ̀. Tó bá jí padà, ebi epo ló ń pa á. Tó bá tún burú sí i, tó ń yọ èéfín dúdú, epo ló pọ̀ jù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ tún wò: tó bá gbẹ tó funfun, epo kò tó, tó bá dúdú tó tutù, epo pọ̀ jù, àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ló dáa.

Ẹ pa ẹnu rọ́bà epo, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí abọ́. Ẹ wo ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ẹ yọ fúlótà, ẹ mì í létí yín. Bí ẹ bá gbọ́ omi nínú rẹ̀, ó ti jò, òmíràn lẹ óò rà. Ẹ wo irin tín-ín-rín tó so ó rọ̀: tó bá ti jẹ, fúlótà á máa há lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀rọ bá dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ dojú kábúrétọ̀ délẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fúlótà gbọ́dọ̀ sùn ní dídọ́gba pẹ̀lú ojú ibi tí abọ́ ń wọ̀. Èyí tó bá jẹ́ ike, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ àti ibi tó ń jókòó sí la máa ń pààrọ̀.

Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, dípò nọ́ọ̀tì lásán, sòlẹ́nọ́ìdì ló wà nídìí abọ́, tí wáyà kan ń wọ̀. Iná bátìrì ló ń ṣí i. Tí wáyà rẹ̀ bá ń já tó ń so, epo á já, ẹ́ńjìnnì á fà díẹ̀ kó tó kú. Ẹ ta kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná ti ń wá láìṣáná. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ "kaa" lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mi wáyà rẹ̀. Tó bá ń dún "kaa, kaa", ibẹ̀ ló wà.

Wáyà tó ń rìn

Kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná kò nílò bátìrì. Wáyà tín-ín-rín kan ló máa ń pa á, nípa kíkan ara irin. Bí ike ara wáyà yìí bá ti bó níbi kan, tí ẹ̀rọ bá dagun tó sì fara kan irin, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ fin-ín, kò húkọ́. Ẹ tẹ̀ lé e láti ọ̀dọ̀ kọ́ìlì dé ibi kọ́kọ́rọ́, pàápàá níbi tó ti gba abẹ́ táǹkì, ẹ̀gbẹ́ irin ìdarí, àti ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń ṣí. Ẹ́ńjìnnì ní pípa, kọ́kọ́rọ́ ní yíyọ.

Kọ́ìlì tó ń kú nígbà tó bá gbóná tún máa ń fi òkè pa mọ́. Òkè lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gé gbẹ̀yìn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná fún ìdajì wákàtí. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti ṣáná àfi tó bá tutù, ẹ wà á ní ilẹ̀ títẹ́jú fún àkókò kan náà. Tó bá kú níbẹ̀ náà, òkè kò jẹ̀bi.

Ọ́ìlì

Orí ilẹ̀ títẹ́jú la ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe orí òkè. Bí ó bá kéré, á sá kúrò lẹ́nu ibi tí pọ́ǹpù ọ́ìlì ti ń mu ún, àwọn ẹ́ńjìnnì kan sì ní súìṣì tó ń pa wọ́n bí ọ́ìlì kò bá tó. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ irú súìṣì bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, á gba ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí wọ fílítà atẹ́gùn, èéfín aláwọ̀ búlúù á yọ, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí. Ẹ fà á wálẹ̀ dé àmì.

Tó bá jẹ́ ẹrù ló pa á

Ẹ gun òkè kan náà láìtan abẹ. Tó bá gùn ún tó sì kọjá láìmira, ẹrù abẹ ló ń pa á. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ àti wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wo abẹ́ ìdérí abẹ: koríko tútù tó dì mọ́ ọn, abẹ tó ti kú, bẹ́ríǹgì tó ń jẹ́ kí abẹ yí tó ti há. Abẹ gbọ́dọ̀ rọrùn láti fi ọwọ́ yí. Ẹ gbé gíga ìgé sókè, kí ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ọwọ́ eré dé òpin. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé eré kékeré ló sàn fún òkè. Irọ́ ni, ẹsẹ̀ ni kó rọra rìn, ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré. Ẹ wo fílítà atẹ́gùn náà, àti sípíríǹgì gọ́fánọ̀, kì í ṣe gómìnà tó ń ṣèjọba o, èyí tó ń fi epo kún ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹrù bá dé.

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì méjì, ẹ rí i dájú pé méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ kan lè gbé e kọjá ilẹ̀ títẹ́jú láìjẹ́ pé ẹ fura. Òkè ni kò ní gbà fún un.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ẹ kọ́kọ́ dán súìṣì ìjókòó wò lórí ilẹ̀ títẹ́jú: abẹ ní yíyí, bíréèkì ìdúró ní fífi síbẹ̀, ẹ rọra gbé ìdí sókè, ó gbọ́dọ̀ kú. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e lọ sórí òkè kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ gun òkè kékeré láìtan abẹ, kí ẹ tó tan án, kí ẹ tó wá kọrí sí ibi tó ti ń kú, ní ìdojúkọ kan náà tó wà nínú ìwé yín, pẹ̀lú ìwọ̀n epo kan náà. Bí ẹ bá fi táǹkì kíkún dán ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí epo kù díẹ̀ wò, ẹ kò tíì dán nǹkan kan wò.

Tó bá ṣì ń kú, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì, kí ẹ sì mú ìwé náà dání. Ẹ sọ fún un pé: "Imú rẹ̀ kọjú sí òkè, táǹkì dé ìlàjì, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣóòkù ń jí i." Ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ṣì ń nawọ́ sí ìjókòó, ẹ wá mẹkáníìkì mìíràn.